Ṣé Ká Yọ Táǹkì Omi Gbígbóná Kúrò Nílé?

Bí ẹ bá ní ilé ní Houston, tí táǹkì omi gbígbóná yín sì ti lo ọdún méjìlá, ẹ ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi á kọ́kọ́ máa pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ìsàlẹ̀ táǹkì á máa dún bíi pé ẹnì kan ń yan ẹ̀pà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ páìpù á dé, á wo òkè, á wo ilẹ̀, á wá ní, "Ẹ ò ṣe kúkú yọ èyí dànù, kí ẹ gbé èyí tí kò ní táǹkì?" Á ní ìgbàlódé ni. Á ní omi gbígbóná ò ní tán mọ́ láé. Á ní owó tí ẹ ń san lóṣooṣù máa wálẹ̀.

Nílé tiwa, ó ti lé lóṣù kan tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi fara mọ́ ọn. Èmi ò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí. Ohunkóhun tó bá kó omi gbígbóná, gáàsì àti ọmọdé pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan náà, mo máa ń fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀ kí n tó tọwọ́ bọ̀wé. Mo wá rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbàlódé yìí ti wà láyé kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi.

Ní ọdún 1868, akunlé kan wà ní London tó ń jẹ́ Benjamin Waddy Maughan. Ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó sọ ní Geyser. Orúkọ orísun omi gbígbóná kan ní Iceland, tó máa ń tú sókè fúnra ẹ̀, ló fún un. Ẹ̀rọ náà kò ní táǹkì kankan. Ẹ tan gáàsì nísàlẹ̀, ẹ ṣí omi lókè, omi á ṣàn kọjá láàárín ooru iná náà, á sì ti gbóná kó tó dé inú ọpọ́n ìwẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀ lókè ilé ní London ní láti gbé e ka iná nílé ìdáná, kí ọmọ ọ̀dọ̀ wá máa fi korobá gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹ ò rí i pé bíi tiwa náà ni. Títí dòní, àwọn ará Íńdíà àti South Africa ṣì ń pe hítà omi ní geyser.

Àléébù ẹ̀rọ náà kò kéré. Èéfín iná àti omi jọ ń pàdé nínú ẹ̀ ni, nítorí náà omi ibẹ̀ kò ṣe é mu. Èyí tó wá burú jù ni pé kò ní páìpù kankan tí yóò kó èéfín jáde síta. Ẹ fojú inú wò ó: balùwẹ̀ kékeré, fèrèsé títì pa nítorí òtútù, iná gáàsì ńlá ń jó, èèyàn sì wà nínú omi, ara ti tù ú, oorun ti ń kùn ún.

Bí iná bá ń jó tí afẹ́fẹ́ kò tó o, carbon monoxide ló ń tú jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú bí èéfín igi. Tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kí ọ́síjìn lẹ̀ mọ́, agbára tó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po igba. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, á rò pé ó rẹ òun lásán ni. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jí. Gáàsì kan náà ni. Claude Bernard, onímọ̀ ìṣègùn ará Faransé, ti ṣàlàyé bó ṣe ń pa èèyàn láàárín àwọn ọdún 1850, ìyẹn ṣáájú kí Maughan tó gba ìwé àṣẹ ẹ̀. Ìmọ̀ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ balùwẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gáàsì tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, inú èédú ni wọ́n ti ń yọ ọ́, carbon monoxide sì ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i rárá. Ó di ọdún 1967 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹ̀ sí gáàsì tí wọ́n ń wà jáde lábẹ́ òkun, iṣẹ́ yẹn sì gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham àti Manchester, combi tó wà lára ògiri ilé ìdáná yín, ìran Geyser yẹn náà ni. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n ti sé e pa: ìta ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ìta náà ló ń da èéfín rẹ̀ sí. Síbẹ̀, òfin sọ pé onílé gbọ́dọ̀ mú ẹni tó mọṣẹ́ wá yẹ gbogbo ẹ̀rọ gáàsì tó wà nínú ilé tó ń fi háyà wò lọ́dọọdún. Ẹni tí onílé rẹ̀ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, kó bèèrè o. Kì í ṣe àfojúdi.

Ní Amẹ́ríkà, Pittsburgh ni ìtàn náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ lágbègbè ibẹ̀. Edwin Ruud, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Norway, bá George Westinghouse ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tó sì di 1889, ó ṣe hítà onítáǹkì tó ń ṣọ́ ara rẹ̀: tí omi bá ti tutù, iná á jó, tó bá ti gbóná tó, iná á rọlẹ̀. Ní 1897 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe táǹkì nìkan ló ń tà. Èyí tí kò ní táǹkì náà wà níbẹ̀, irin ńlá tí wọ́n ń gbé sí abẹ́ ilé àwọn olówó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé táǹkì ló wá gbilẹ̀ láàárín àwọn mẹ̀kúnnù? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru níbí. Ẹyọ kan ni ooru tó máa gbé omi pọ́ùn kan sókè ní dígírì Fahrenheit kan. Ṣáwà máa ń tú gálọ́ọ̀nù 2.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan (òfin 1992 kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ), gálọ́ọ̀nù kan sì wọn pọ́ùn 8.3. Ká ní omi wọlé ní dígírì 55 nígbà òtútù, ká sì fẹ́ fi wẹ̀ ní 105. Dígírì 50 la gbọ́dọ̀ fi kún un. Ìyẹn lé ní 1,000 BTU ní ìṣẹ́jú kan, tàbí nǹkan bí 62,000 ní wákàtí kan, fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń wẹ̀. Iná abẹ́ táǹkì ilé kò sábà ju 40,000 lọ.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: táǹkì ń dá àjọ. Ó ń fi iná kékeré kó ooru jọ díẹ̀díẹ̀ lóru, kí gbogbo ilé lè kó o láàárọ̀. Èyí tí kò ní táǹkì kì í dá àjọ, owó ọwọ́ ló fi ń ná ọjà, torí náà owó ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tó máa gbọ́ ti odindi ilé lónìí fi ń béèrè 150,000 sí 199,000 BTU, tí wọ́n sì sábà máa ń ní láti fi páìpù gáàsì tó tóbi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ páìpù kì í fi ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ní 1940, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 ilé ní Amẹ́ríkà ni kò ní omi ẹ̀rọ gbígbóná àti tútù, ibi ìwẹ̀ àti ṣáláńgá oníná omi pé pérépéré. Ó di 1970 kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 7. Àwọn ọgbọ̀n ọdún yẹn ni táǹkì wọ ilé gbogbo ayé. Ohun tó kù nínú ìtàn yẹn, ilé ìwòsàn ni mo ti kọ́ ọ.

Ìjóná ló kọ́kọ́ yọjú. Ní 1947, Moritz àti Henriques tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ooru àti àsìkò ṣe jọ ń ba awọ ara jẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n lò jù, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn. Omi tó gbóná tó dígírì 140 Fahrenheit, ìyẹn 60 ní Celsius, lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tó bá jẹ́ 120, ìyẹn 49 Celsius, ó máa ju ìṣẹ́jú márùn-ún gidi lọ. Awọ ọmọ ọwọ́ àti ti arúgbó fẹ́lẹ́ ju ti ẹni tí wọ́n fi ṣe ìṣirò yìí. Àwọn dókítà ọmọdé ní Seattle pariwo títí, nígbà tó sì di 1983, ìpínlẹ̀ Washington ṣòfin pé 120 ni kí wọ́n máa fi gbogbo hítà tuntun sí. Ẹni tó bá ti di ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méjì tí omi bó mú, kí wọ́n lè tú báńdéèjì ẹ̀, kò ní bá òfin yẹn jiyàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní Philadelphia ṣáájú ìgbà yẹn. Lóṣù keje ọdún 1976, àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ American Legion, ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Bellevue-Stratford. Lẹ́yìn ìpàdé, òtútù àyà tí ẹnikẹ́ni ò mọ irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àpapọ̀ àwọn tó kú jẹ́ 34. Ó di oṣù kìn-ín-ní 1977 kí wọ́n tó kéde kòkòrò tó fà á, wọ́n sì pè é ní Legionella. Ẹ̀rọ amúlétutù òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fura sí nígbà yẹn, kì í ṣe hítà omi. Àmọ́ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Pittsburgh, ìlú Ruud gan-an, àwọn dókítà rí kòkòrò yìí kan náà nínú táǹkì omi gbígbóná ilé ìwòsàn. Ibi tó ń dàgbà sí dáadáa jù ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì dúró sójú kan, láàárín dígírì 77 sí 113. Ní 140, kì í pẹ́ kú.

Ṣé ẹ rí ìṣòro náà báyìí? Ẹ fi táǹkì sí 120 kí omi má bó ọmọ, kòkòrò lè rí ibi sá pa mọ́ sí nísàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù jù. Ẹ fi sí 140 kí kòkòrò kú, omi ẹnu ẹ̀rọ á di ohun tí ń bó awọ. Nílé ìwòsàn, fáàfù kan la fi ń yanjú ẹ̀: táǹkì wà ní 140, fáàfù á bu omi tútù là á kó tó jáde. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Wọ́n á bu omi tó ń hó lórí ààrò, wọ́n á fi tútù là á, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, kí wọ́n tó gbé ìkókó lé itan láti wẹ̀ ẹ́.

Níbi ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí, aláìnítáǹkì jàre. Kò tọ́jú omi pamọ́, omi kò rójú dúró lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá fi sí ló máa tú jáde. Kò túmọ̀ sí pé kòkòrò kò lè gbé inú páìpù àti orí ṣáwà o, ṣùgbọ́n ilé ńlá ẹ̀ ti lọ.

Owó ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn iná àti epo ní Amẹ́ríkà sọ pé ilé tó bá ń lo omi gbígbóná gálọ́ọ̀nù 41 tàbí kó dín lóòjọ́ lè fi aláìnítáǹkì dín ooru tó ń ná kù ní ìdá 24 sí 34 nínú 100. Tó bá jẹ́ ilé tó ń lo nǹkan bí 86, ìdá 8 sí 14 ni. Ẹ tún un kà. Ilé tí omi ń ná jù ni èrè ẹ̀ kéré jù, torí omi tó wà nínú táǹkì wọn kì í dúró pẹ́ tó láti tutù. Ìdílé Yorùbá tó ní ọmọ mẹ́ta, ìyá àgbà kan, àti àlejò tó ní ọjọ́ méjì lòun máa lò tó sì ti di oṣù kẹta, gálọ́ọ̀nù mélòó lẹ rò pé wọ́n ń lò? Òótọ́ ni pé aláìnítáǹkì lè lò ju 20 ọdún, nígbà tí táǹkì ń lo 10 sí 15, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi ọtí kíkan fọ inú ẹ̀ lọ́dọọdún níbi tí omi bá ti le.

Ẹlẹ́tríìkì ni àwọn ará Brazil gbà ṣe tiwọn. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe orí ṣáwà tó ní wáyà iná nínú ní ìpínlẹ̀ São Paulo. Omi á kan wáyà náà, á gbóná, á bọ́ sí èèyàn lórí. Ẹni tó bá ti lọ kí àwọn èèyàn wa ní Bahia á ti rí i, ẹ̀rù á sì ti bà á. Agbára 5,500 wáàtì ló wọ́pọ̀, ó sì tó wọn, nítorí omi tó ń wọlé níbẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́lẹ̀, omi tó sì ń jáde lórí ṣáwà kò pọ̀. Ṣáwà tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan máa béèrè ju 18,000 wáàtì lọ, ìyẹn amp 75 nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbí, amp 100 ni gbogbo iná tó wọ inú wọn.

Ohun tó wá pinnu ọ̀rọ̀ fún mi jù ni oṣù kejì ọdún 2021. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas ò ní gbàgbé. Yìnyín bọ́, iná mọ̀nàmọ́ná lọ nínú ilé tó lé ní mílíọ̀nù 4. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka òkú 246. Ògiri ìta ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ aláìnítáǹkì kọ́ sí ní Houston, nítorí a ò retí òtútù. Ó ní wáyà kékeré kan nínú tó ń mú un gbóná kó má bàa dì, iná mọ̀nàmọ́ná ni wáyà náà sì ń lò. Iná lọ, omi inú ẹ̀ di yìnyín, bàbà inú ẹ̀ bẹ́. Èyí tí kò bẹ́ pàápàá kò ṣiṣẹ́, torí iná náà ló ń lò láti fi tanná sí gáàsì. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni ìlú Houston ní ká máa se omi ká tó mu ún, ó di ọjọ́ 21 kí wọ́n tó ní ó ti tó. Àwọn kan gbé jẹnẹrétọ̀ àti ààrò èédú wọlé kí wọ́n lè yá iná, a sì padà sídìí Geyser: ọ̀pọ̀ èèyàn ni carbon monoxide gbé dé ọsibítù, àwọn mìíràn ò dé ibẹ̀ láàyè.

Kì í ṣe pé táǹkì kò níṣòro lọ́jọ́ náà. Orí àjà ni wọ́n ń gbé e sí níbí, páìpù orí àjà bẹ́ nílé púpọ̀, gálọ́ọ̀nù 50 tó wà lórí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ọkàn balẹ̀ sùn lábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì gáàsì tí iná kékeré abẹ́ rẹ̀ kì í kú ń ṣiṣẹ́ lọ láìsí iná mọ̀nàmọ́ná. Àti pé gálọ́ọ̀nù 50 omi mímọ́ nìyẹn, tó wà nílé kí omi ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Màmá mi, tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ, ló rí èyí ṣáájú gbogbo wa. Wọ́n gbọ́ àlàyé ọkọ mi tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Tí ẹ bá wá gbé e kúrò, níbo lomi ilé yìí wà?" Ọkọ mi ní nínú páìpù. Wọ́n wò ó. Ní Ìbàdàn, ilé tí kò ní àmù tẹ́lẹ̀, tí kò ní dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì báyìí, wọn ò gbà pé ilé ni.

Ká ní èmi àti ọkọ mi nìkan la wà nínú fúláàtì kékeré, tí ààyè wà láti gbé ẹ̀rọ náà sínú ilé, tí páìpù gáàsì sì tó, mi ò bá ti ní kí wọ́n gbé aláìnítáǹkì wá. Ilé tiwa kọ́ nìyẹn. Táǹkì gálọ́ọ̀nù 50 la fẹ́ rà, onígáàsì, èyí tí kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Inú gáréèjì ló máa wà, lórí pèpéle, kì í ṣe orí àjà mọ́. 140 la máa fi sí, pẹ̀lú fáàfù tó máa là á sí 120, ẹ̀rọ tó ń pariwo tó bá gbọ́ carbon monoxide á sì wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi han ọkọ mi bí a ṣe ń gba omi nísàlẹ̀ táǹkì lọ́jọ́ ìṣòro: pa gáàsì, ti omi tó ń wọlé, ṣí omi gbígbóná kan lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, jẹ́ kó tutù, kí o tó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Màmá ti ra korobá onídèérí méjì sílẹ̀ dè é.